Mọ́nsúrù Dá Ìjọ Ọmọ Ilẹ̀ Sílẹ̀, Ìjọ Sì Lé E Síta

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ló fẹnu ara rẹ̀ ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ pa orúkọ òun dà, nítorí láti Ilero títí dé Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí n má jẹ̀ẹ́ kó dùn létí ju bó ṣe rí lọ.

Ọdún 1984 ni. Ìjọba ológun ń dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì dín Mọ́nsúrù mọ́ wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ṣiṣẹ́ àgíríìkì. Ó ń gun alùpùpù láti abúlé dé abúlé, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fi ajílẹ̀ òyìnbó sóko. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Lẹ́tà gba iṣẹ́, ó gba alùpùpù. Ohun tí lẹ́tà kò rántí gbà ni àpò ajílẹ̀ mẹ́rìnlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé tó háyà, èyí tó yẹ kó ti pín fún àwọn àgbẹ̀ Ìdí-Àyin láti èṣí.

Ìdí-Àyin yìí gan-an sì ni abúlé baba rẹ̀.

Mọ́nsúrù kó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi ẹní àti ìkòkò bò wọ́n, òun àti Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá forí lé ilé.

"Bàbá Àmínù, ṣé ẹ máa pín in fún wọn ni?" Fàtímọ̀ bi í lọ́nà.

"Bí mo bá pín in báyìí, wọn ò ní bi mí pé láti èṣí ńkọ́?"

"Kí lẹ máa wí?"

"N kò mọ ohun tí mo máa wí. Ìdí tí mi ò fi ní pín in nìyẹn."

Ọ̀dá àti iná ọyẹ́ ọdún 1983 ti fojú ilẹ̀ agbègbè náà rí màbo. Nígbà tí ìkórè ọdún 1984 máa dé, iṣu ẹlòmíràn kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Ti Mọ́nsúrù ńkọ́? Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gbé ẹyọ kan. Ìròyìn tàn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran.

Ẹni tó ṣáájú wọn ni Ìyá Ṣàngóbùnmi. Opó ni, ó ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún, ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ ara rẹ̀. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Mọ́nsúrù, ọmọ Ládòkun, kí lo fún ilẹ̀ yìí jẹ?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè òun. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mẹ́sàn-án ló tò sẹ́yìn màmá náà, tí ọrùn wọn ti gùn bíi ti lékeléke níbi tí wọ́n ti ń retí ajílẹ̀ ìjọba. Ojú tì í.

"Mi ò fún un ní nǹkan kan, Ìyá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ Ilẹ̀. Ẹ wo ohun tá a fojú rẹ̀ rí. A ń sun ún níná, a ń fi ọkọ́ bó o láwọ, a kì í sì í kí i pé ó kú ìtọ́jú. Èmi kí i. Ó sì dá mi lóhùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹyọ ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni, ìtàn yìí ì bá má sí. Ìyá Ṣàngóbùnmi wo ẹsẹ̀ Mọ́nsúrù. Bàtà rẹ̀ ti já láàárọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn.

"Ṣé ohun tó ò fi wọ bàtà nìyẹn?"

"Ohun tí mi ò fi wọ bàtà nìyẹn," ni Mọ́nsúrù wí.

Bí Ìjọ Ọmọ Ilẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èèyàn mọ́kànlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan. Wọ́n ní kí ni Ilẹ̀ tún sọ? Mọ́nsúrù kò ní ohun tuntun tó fẹ́ sọ. Ó bá kó èyí tó mọ̀ síta. Ó ní Ilẹ̀ ní kí wọ́n má sun igbó mọ́. Ilẹ̀ ní kí wọ́n máa fi ewé bo ebè. Kí wọ́n máa gbin òtílì, irú ẹ̀wà kan tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, sáàárín iṣu, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta oko wọn máa sùn lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló fi ọdún mẹ́rìndínlógún sọ lórí alùpùpù. Nígbà náà, wọ́n á ní, "A ti gbọ́, ọ̀gá," wọ́n á sì ṣáná sí igbó bó bá ti ṣẹ́rí padà. Ní báyìí tó jẹ́ Ilẹ̀ ló sọ ọ́, wọ́n ń fi orí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, eyín ń dun Mọ́nsúrù débi pé kò lè lanu. Títí di òní olónìí, Ọmọ Ilẹ̀ kan kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀ kí oòrùn tó kàn àtàrí.

Àlùfáà Àsánì, tó jẹ́ lèmọ́mù abúlé, ránṣẹ́ pè é.

"Mo gbọ́ pé o ti di wòlíì."

"Rárá o, Àlùfáà. Ìmọ̀ràn lásán ni mò ń fún wọn."

"Ṣé ẹ ń bọ òrìṣà níbẹ̀?"

"Ká má rí i."

"O ò ní kí wọ́n má kírun?"

"Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ọkàn Àlùfáà balẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ làwa fi iwájú orí kan ilẹ̀, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ rí. Bó bá tún bá ọ sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́, bá mi béèrè oko mi tó wà lọ́nà Ọ̀tu."

Ìjọ ń dàgbà. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Cornelius, tó wá láti Ṣakí, ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu Mọ́nsúrù jáde sínú ìwé. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìsẹ́yìn, wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní *Ohùn Ilẹ̀*. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀. Ṣakí dá tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á pàdé nísàlẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán láìsọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wá láti Ìbàdàn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé pélébé. Ọ̀kan nínú wọn sunkún.

Ní ọdún 1985, ọkọ̀ ajílẹ̀ ìjọba tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá dé. Ìyá Ṣàngóbùnmi fẹsẹ̀ rìn wá.

"Mọ́nsúrù, wọ́n ti gbé e dé. Ṣé ká gbà á?"

Ó rò ó. Bí wọ́n bá gbà á, láàárín ìkórè kan, iṣu wọn á dà bí iṣu rẹ̀, ojú wọn á sì là. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ̀bi irọ́ rẹ̀ á tún wúwo sí i. Àyà rẹ̀ já, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò já.

"Ilẹ̀ ní òun kì í jẹ oúnjẹ inú àpò."

Àwọn àgbẹ̀ tó ti fi ọdún mẹ́ta retí ajílẹ̀ ló dá ọkọ̀ padà. Wọ́n tún kọrin sin ín dé ìta abúlé. Jímọ̀ tó ń wa ọkọ̀ náà kàn ń wò wọ́n, ó lanu sílẹ̀.

Mọ́nsúrù gba ẹ̀yìnkùlé, ó lọ dúró dè é níwájú.

"Jímọ̀, níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́."

"Já a sí àkúrò baba mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni oko Mọ́nsúrù ti di Oko Ìyá, oko mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni Ilẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Fàtímọ̀ nìkan ló lè wọlé, torí òun ló ń ru igbá. Wọ́n fi aṣọ funfun bo igbá náà. Bó bá ń kọjá, tọkùnrin tobìnrin á kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ajílẹ̀ ló wà nínú igbá.

"Bàbá Àmínù," Fàtímọ̀ sọ lọ́jọ́ kan, "Ìyá Ṣàngóbùnmi kúnlẹ̀ fún mi lónìí."

"Gbogbo wọn ló ń kúnlẹ̀."

"Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó fi erùpẹ̀ ẹsẹ̀ mi ra iwájú orí. Ẹni tó lè bí ìyá mi."

"Igbá ló kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe ìwọ."

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú igbá."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ó ti ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tó ń gun alùpùpù ìjọba, ajá ló ń lé e. Ní báyìí, bó bá wúkọ́, Cornelius á kọ ọ́ sílẹ̀.

Fàtímọ̀ ní tirẹ̀ ní ilẹ̀ ráńpẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Kò sọ fún ẹnì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ìwé Cornelius ṣe wí níbẹ̀. Ó fi ewé bò ó, ó gbin òtílì, kò fi ajílẹ̀ kankan sí i. Nígbà tó di ọdún kẹta, kì í se iṣu Oko Ìyá nínú ilé mọ́. Ó ní iyán rẹ̀ ń domi.

Òótọ́ ni. Lọ́dọọdún ni Mọ́nsúrù ń fi kún ajílẹ̀, lọ́dọọdún ni ilẹ̀ náà ń le koko bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé. Iṣu rẹ̀ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Oṣù Èrèlé ọdún 1988 ni àṣírí tú. Lóṣù yẹn lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣí àká Oko Ìyá, tí wọ́n á pín èèbù fún gbogbo ẹ̀ka kí wọ́n lè lọ gbìn ín. Lọ́dún yìí, Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. Ọ̀sán gangan, èèyàn ti kún. Àwọn ará Ìsẹ́yìn dé, àwọn ará Ṣakí dé, àwọn ará Ìbàdàn jókòó síwájú. Àlùfáà Àsánì pàápàá wá gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Cornelius ṣí àká. Òórùn kọ lu gbogbo èèyàn, àwọn kan fi aṣọ bo imú. Iṣu ti rà láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi ń ṣàn jáde lára wọn.

Mọ́nsúrù ti mọ̀. Ìjẹta ló ti yọjú wò ó. Ó ní ọjọ́ méjì gbáko tó yẹ kóun fi wá ọ̀nà àtijẹ́wọ́, ọ̀nà àtipa irọ́ mìíràn lòun fi wá. Ó dìde.

"Ẹnìkan ti ṣẹ Ilẹ̀," ni ó wí.

Gbogbo èèyàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ó rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí, pé wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á túká. Ìyá Ṣàngóbùnmi bá dìde nílẹ̀, ó fi ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ara.

"Èmi ni."

"Ìyá, ẹ jókòó," Cornelius wí.

"Mi ò jókòó. Nígbà ọyẹ́, ejò wọ abẹ́ ewé nígun oko mi. Ẹ̀rù bà mí, mo ṣáná sí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ba iṣu gbogbo wa jẹ́."

Ó bú sẹ́kún. Màmá tí ẹnì kankan kò rí omijé rẹ̀ rí.

Cornelius ṣí ìwé. Ó kà á pé ẹni tó bá dáná sun Ilẹ̀, yóò jáde nínú ìjọ fún ọdún kan, kò sì ní fi ọkọ́ kan oko rẹ̀ títí ọdún á fi pé. Kí ni opó ẹni àádọ́rin ọdún tí kò gbọdọ̀ ro oko fẹ́ jẹ?

Ó yíjú sí Mọ́nsúrù. "Baba, ṣé òun ni?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, "rárá". Mọ́nsúrù wo màmá náà, ó wo àwọn ará Ìbàdàn, ó wo àká. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Ṣàngóbùnmi na ọkọ́ rẹ̀ sí Cornelius.

Fàtímọ̀ wà lẹ́yìn èrò, igbá Ọjọ́bọ̀ ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Ó gba àárín wọn kọjá. Bí àṣà, wọ́n ń kúnlẹ̀. Ó sọ igbá kalẹ̀ níwájú Ìyá Ṣàngóbùnmi, ó sì ká aṣọ funfun kúrò.

"Ìyá, ẹ gba ọkọ́ yín. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Adétúnjí, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ mẹ́sàn-án ọjọ́ kìíní, súnmọ́ ọn. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù.

"Ajílẹ̀ ni!"

"Ajílẹ̀ ni," Fàtímọ̀ wí. "Láti ọjọ́ kìíní ni. Àpò mẹ́rìnlá ọdún 1983, tìẹ wà níbẹ̀, Adétúnjí. Tiyín wà níbẹ̀, Ìyá. A kó o pamọ́ sábẹ́ ẹní. Èmi náà bá a kó o, èmi náà bá a rù ú. Ó ti tó."

Ariwo ta. Adétúnjí gbé kùmọ̀ sókè, Àlùfáà Àsánì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mọ́nsúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní bí ẹ̀rù ṣe ń ba òun tó, ara òun fúyẹ́.

"Irọ́ ni gbogbo rẹ̀," ó ń ké. "Ilẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ẹ túká, ẹ máa lọ sílé yín!"

Kò sẹ́ni tó túká.

Ìyá Ṣàngóbùnmi nu ojú. "Mọ́nsúrù, ta ló ní ká má sun igbó?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Nígbà tó ò ń gun alùpùpù kiri, ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún wa?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé a gbọ́?"

"Ẹ ò gbọ́."

"Iṣu mi ò tóbi, ṣùgbọ́n kò rà. Mi ò fi ajílẹ̀ sí i. Ṣé irọ́ ni iṣu tèmi náà?"

"Rárá, Ìyá."

"Ilẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹnu tó rí nítòsí ló lò, kò sì wo bí ẹnu náà ṣe ń rùn."

Àwọn èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ará Ìbàdàn kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́nsúrù gbórí sókè nínú erùpẹ̀, inú bí i.

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo dá ìjọ yìí sílẹ̀!"

Cornelius ti rí ojú ìwé tó ń wá. "Ojú ìwé kẹsàn-án. Ẹni tó bá fún Ilẹ̀ ní oúnjẹ inú àpò, kó jáde fún ọdún kan. Ẹ̀yin lẹ pe ọ̀rọ̀ náà, Baba. Èmi ni mo kọ ọ́."

Wọ́n lé e jáde nínú ìjọ tó dá sílẹ̀. Wọ́n ní Oko Ìyá yóò sùn fún ọdún méje. Wọ́n fẹ́ foríjin Ìyá Ṣàngóbùnmi, màmá kọ̀. Ó ní òfin ò mọ arúgbó, òun náà á ṣe ọdún kan tòun. Ó wá yíjú sí Fàtímọ̀.

"Ìwọ, ẹrù lo rù. Ìwọ lo máa ro oko mi títí n ó fi dé."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Fàtímọ̀ di ẹrù rẹ̀ lọ sílé màmá. Àmínù ọmọ wọn, tó wà nílé ìwé ní Ṣakí, lẹ́tà ló fi gbọ́.

Ọdún yẹn gùn. Nínú gbogbo Ìdí-Àyin, Ìyá Ṣàngóbùnmi nìkan ló ń bá Mọ́nsúrù sọ̀rọ̀, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà níta. Wọ́n á jókòó sí ìloro màmá nírọ̀lẹ́, Fàtímọ̀ á gbé oúnjẹ wá fún màmá, á sì kọjá lára ọkọ rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí," ó wí níjọ́ kan.

"Nítorí ajílẹ̀?"

"Nítorí pé mo mi orí."

Màmá sún abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyẹn ṣì ń dùn mí," ó wí. "Bó bá tán, n ó sọ fún ọ."

Mọ́nsúrù rò pé ìjọ á kú. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ló wà nígbà tí wọ́n lé e, mẹ́rìnlá ló di kí ọdún tó yípo. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri Òkè-Ògùn ni pé ìjọ tó lè lé ẹni tó dá a sílẹ̀ jáde, òtítọ́ ní láti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó bá mi sọ̀rọ̀, mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé rí kọ́. Ó ní irọ́ ọdún mẹ́rin yẹn, òun lè sọ ọ́ fún yín kóun tún rẹ́rìn-ín sí i. Orí tóun mì níwájú obìnrin tó ń sunkún, òun ò tíì rí bóun ṣe máa rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní kí ẹni tó bá ń parọ́ láàárín yín máa ṣọ́ ọjọ́ tí irọ́ náà máa ní kó fi ẹlòmíràn san gbèsè òun. Kó sá fún un kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọdún rẹ̀ pé lóṣù Èrèlé tó kọjá, ọdún 1989. Ó lọ sí ìpàdé. Wọn kò gbé e síwájú, wọn kò sì lé e. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn ẹni tuntun ní kíláàsì, lábẹ́ igi ẹ̀yìn ilé ìwé. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn.

Fàtímọ̀ ló ń kọ́ wọn.

Ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ló gbé wọn wá. Ẹnìkan ní oko òun kò so mọ́. Ẹnìkan ní ọkàn òun kò balẹ̀. Ó kan Mọ́nsúrù.

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló gbé yín wá?"

"Ìyàwó mi ni mò ń wá," ni ó wí.

Àwọn ahunṣọ rẹ́rìn-ín. Fàtímọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mójú kúrò lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ hàn án níbi tí àyè wà.

"Ẹ jókòó," ó ní. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."